AA Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Tẹ̀

Mo ti fi ìka ara mi kọ irọ́ sínú ìwé ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan, pásítọ̀ wa sì ti fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ka page yìí, ẹ má tíì bú mi. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ mi tán, torí mi ò ní ẹlòmíì tí mo lè sọ ọ́ fún tí kò ní rò pé owú ló ń jẹ mí. Bóyá owú náà wà níbẹ̀ o... mi ò ní parọ́ fún yín, èyí tí mo ti pa tẹ́lẹ̀ tó. Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́. Ìjọ wa ní Ikosi ò tóbi, bí wọ́n bá ka ìlà mẹ́ta péré nínú ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n á ti mọ̀ pé èmi ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ìsinmi ti sún mọ́lé, ọ̀nà sì ti dí mọ́ mi níwájú àti lẹ́yìn.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mí. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ketu tí mo ti ń tún laptop ṣe, tí mo sì ń tẹ ìwé fún àwọn èèyàn. Alápẹ̀rẹ̀ ni mò ń gbé, èmi àti àbúrò mi obìnrin. Mi ò ka computer ní ilé ìwé gíga kankan. Èmi ni mo kọ́ ara mi, láti inú PDF, láti inú fídíò, láti inú àṣìṣe. Ohun tí mo fẹ́ràn jù láyé yìí ni kí nǹkan wà ní àyè ẹ̀. Bí mo bá ń kọ code tí ìlà kan ò bá bá ìkejì mu, oúnjẹ ò ní lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Bro Computer ni wọ́n ń pè mí. Èmi ni mo ń gbé orin àti ẹsẹ Bíbélì sójú screen lọ́jọ́ Ìsinmi. Èmi náà ni mo kọ app tí wọ́n ń fi orúkọ àwọn ọmọ ìjọ pamọ́ sí. Mi ò gba kọ́bọ̀. Mo ní fún Ọlọ́run ni mo ṣe é, ṣùgbọ́n kí n sọ òótọ́, mo fẹ́ràn bí wọ́n ṣe máa ń sọ pé ọmọ yìí gbọ́n.

Obìnrin kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Bùkọ́lá, kì í ṣe orúkọ ẹ̀ gangan nìyẹn. Ọdún mẹ́ta lèmi àti ẹ̀ fi fẹ́ra. AS ni mí. AS lòun náà. Gbogbo yín lẹ mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí. A mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀, a kàn ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀, a ní Ọlọ́run á ṣe é. Ṣùgbọ́n SS ni àbúrò mi tí mo sọ yẹn. Fòníkú-fọ̀ladìde ló ń bá a jà láti kékeré. Lọ́jọ́ kan tí Bùkọ́lá wá kí wa, ara dédé bẹ̀rẹ̀ sí í ro àbúrò mi, ó ń yí nílẹ̀, ó ń pe orúkọ ìyá wa tó ti kú. Bùkọ́lá ló ń fi aṣọ gbígbóná tẹ orúnkún ẹ̀ títí a fi gbé e dé ọsibítù. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun ò lè fi ojú ara òun rí ọmọ tí òun bí nínú ìrora yẹn. Kò bínú. Èmi náà ò bínú. Mo kàn ń sunkún lẹ́yìn ìgbà tó lọ tán, tí mò ń sọ fún kọ́sítọ́mà pé ọ̀fìnkìn ló mú mi.

Nígbà tó ṣe, Gbénga dé. Orúkọ tí mo fún un nìyẹn o. Mile 12 ló ti ń ra tòmátì àti ata tó ń gbé lọ fún àwọn hòtẹ́ẹ̀lì. Aláwàdà èèyàn ni, ó lawọ́, kò sí ẹni tí kò fẹ́ràn ẹ̀ ní ìjọ wa. Wọ́n ní ìbéèrè àkọ́kọ́ tí Bùkọ́lá bi í ni genotype ẹ̀, kó tó jẹ́ kó ra mínírà fún òun pàápàá. Gbénga yọ káàdì ìjọ jáde nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì. AA ló wà lára ẹ̀. Àwọn méjèèjì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Wọn ò mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí AA yẹn ṣe dé orí káàdì, torí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe tàkọ́kọ́. App àtijọ́ tí mo kọ́kọ́ kọ fún ìjọ ti ń lọ́ra, mo wá kọ tuntun. Mo gbọ́dọ̀ kó orúkọ gbogbo èèyàn láti inú àtijọ́ lọ sínú tuntun. Data tó wà nínú app dà bí ẹrù inú yàrá tí èèyàn ń gbé. Aṣọ wà lórí ìbùsùn, bàtà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ìwọ tó ń gbé ibẹ̀ mọ ibi tí gbogbo ẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n bó o bá fẹ́ kó lọ sí ilé míì, o máa di gbogbo ẹ̀ sínú páálí, wàá kọ orúkọ sára páálí kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó máa tú u lọ́hùn-ún lè mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Dídì yẹn là ń pè ní serialization. XML ni páálí tí mo lò. Skíímà wá ni ìwé òfin tó ń sọ bí a ṣe máa dì í. Ó máa sọ pé páálí orúkọ ló ń ṣáájú, ọjọ́ ìbí ló tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà nọ́ńbà fóònù, lẹ́yìn náà genotype. Ó máa sọ pé ọjọ́ ìbí gbọ́dọ̀ jẹ́ ọjọ́ gidi, kì í ṣe “ọdún tí wọ́n ṣí ọjà”, bí ìyá àgbà kan ṣe kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù. Ìlà igba ó lé méjìlá ni skíímà tèmi. Mo kọ ọ́ fúnra mi látòkè délẹ̀. Mo máa ń ṣí i wò lásán nígbà tí kò sí iṣẹ́, bí ẹni ń wo fọ́tò ọmọ ẹ̀.

Màmá kan wà tó jẹ́ olórí ìgbìmọ̀ ìgbéyàwó ìjọ wa. Mummy Counsel ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Kò sí tọkọtaya tó lè dé iwájú pẹpẹ tí kò ní gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá. Nígbà tí mò ń kọ app tuntun yẹn, wọ́n pè mí, wọ́n na ìka sí mi, wọ́n ní, “Bro Computer, gbọ́ o, mi ò fẹ́ rí ẹni tí kò ní genotype nínú ìwé mi. Ẹyọ ẹnì kan báyìí!” Mo ní kò léwu, Mummy. Mo lọ sínú skíímà, níbi tí genotype wà, mo kọ ọ́ pé ó kéré tán, ìdáhùn kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Mo to àwọn ìdáhùn tó ṣeé gbà: AA, AS, AC, SS, SC. AA ni mo fi ṣáájú torí bí gbogbo èèyàn ṣe ń kà á nìyẹn. Èrò mi ni pé tí n bá ti ní ó pọn dandan, fáìlì ò ní gba ẹni tí àyè tiẹ̀ ṣófo, á dá wọn padà fún mi, èmi á wá máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo tiẹ̀ ti fa ìlà sórí bébà sílẹ̀ tí màá fi kọ orúkọ wọn.

Ohun èlò kan wà tó máa ń ka skíímà, táá sì bá ẹ kọ code tó bá a mu, kó o má bàa fọwọ́ kọ ọ́ fúnra ẹ. Ohun tí mo lò nìyẹn. Mi ò ka code tó kọ fún mi dáadáa, ẹ̀ṣẹ̀ mi àkọ́kọ́ nìyẹn. Nínú code yẹn, nítorí mo ti ní genotype ò gbọdọ̀ ṣófo, kò sí bó ṣe lè ṣófo. Bí èèyàn ò bá fi nǹkan kan síbẹ̀, èyí tó ṣáájú nínú list ló máa mú. Èyí tó ṣáájú ni AA. Kò pariwo, kò gbé error jáde. Mo fi skíímà yẹ fáìlì náà wò, ó ní ó pé, ó ní kò sí àbùkù kankan. Kí ni ì bá sì rí? AA wà lára ohun tí mo ní ó ṣeé gbà. Bébà tí mo fa ìlà sí ò gba orúkọ kankan, kàkà kí n fura, mo jó. Mo jó nínú ṣọ́ọ̀bù débi pé aládùúgbò mi tó ń ta ike yọjú wò mí. Mo ti ilẹ̀kùn pa kí òfo má bàa wọlé, irọ́ ló gba ojú fèrèsé wọlé...

Báwo ni àyè Gbénga ṣe wá ṣófo? Àwọn nọ́ọ̀sì kan wá ṣe ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ní ìjọ wa, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ gbogbo èèyàn. Èmi ni mo tẹ èsì sínú app àtijọ́. Níwájú orúkọ Gbénga, wọ́n fi bírò pupa kọ ọ́ pé ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ti dì, kí wọ́n tún òmíì gbà. Mo fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Kí wọ́n tó rántí pè é, mo ti kó data lọ sínú app tuntun, káàdì ti jáde, Gbénga rí AA, ó rò pé èsì ẹ̀jẹ̀ òun ni. Ṣé ẹ̀yin náà ò ní rò bẹ́ẹ̀? Mummy Counsel náà rí AA, wọ́n rò pé àwọn nọ́ọ̀sì ló fi ránṣẹ́. Oníkálukú gbà pé ẹlòmíì ló mọ̀. Kò sì sí ẹni tó mọ̀.

Ọ̀sán Sátidé kan ni mo rí i, oṣù tó kọjá. Mò ń ṣe list fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ genotype tí wọ́n fẹ́ ṣe ní ọ̀sẹ̀ àwọn ọ̀dọ́, mo ní kí app kó gbogbo AA jọ fún mi. Mo rí orúkọ bàbá àgbàlagbà kan níbẹ̀. Bàbá yìí ti kú kí àwọn nọ́ọ̀sì yẹn tó dé, èmi gan-an ni mo ṣe slide ìsìnkú wọn, a kàn ò tíì yọ orúkọ wọn ni. Ta ló wá gba ẹ̀jẹ̀ lára òkú? Mo ṣí data àtijọ́ tó wà lórí laptop mi, mo fi wé tuntun. Àyè mẹ́tàlélógójì ló ṣófo nínú àtijọ́. Mẹ́tàlélógójì náà ló ti di AA. Ọmọdé àti àgbàlagbà ló pọ̀ jù nínú wọn, mo sì ti fọkàn ṣírò pé kò sí ẹlòmíì nínú wọn tó ń múra ìgbéyàwó. Àfi Gbénga. Ẹ dárí jì mí fún èyí tí mo fẹ́ sọ yìí... ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn mi kì í ṣe ẹ̀rù. Ayọ̀ ni. Fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, mo jókòó, mo ń ronú pé ó lè jẹ́ AS, pé Bùkọ́lá lè má fẹ́ ẹ mọ́. Lẹ́yìn náà ni ojú wá tì mí níwájú ara mi.

Ẹ wo ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ìyẹn. Dípò kí n pe pásítọ̀, skíímà ni mo kọjú sí. Mo yí ẹyọ òǹkà kan padà, ó kéré tán kan, mo sọ ọ́ di ó kéré tán òdo. Bó o bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, code á ní àmì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ genotype tó ń sọ bóyá ìdáhùn wà lóòótọ́ àbí kò sí. Bí kò bá sí, kò ní kọ nǹkan kan. Ó dùn mọ́ mi bó ṣe ṣiṣẹ́, mi ò purọ́. Mo tún gbogbo data dì, mo dà á sórí ti tẹ́lẹ̀, àyè mẹ́tàlélógójì sì padà ṣófo bó ṣe yẹ. Mo mí kanlẹ̀. Mo ní tó bá di ọjọ́ Ìsinmi màá sọ fún Mummy Counsel. Ọjọ́ Ìsinmi dé, wọ́n ń kanra mọ́ àwọn akọrin, mo ní ó dọ̀la. Mi ò rántí pé app tuntun yẹn ní log, ibi tó ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá yí nǹkan padà: orúkọ ẹni náà, ọjọ́, aago, ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ohun tó wà níbẹ̀ báyìí. Èmi ni mo kọ ọ́. Níwájú orúkọ Gbénga, ó kọ ọ́ pé AA wà níbẹ̀, pé èmi ni mo yọ ọ́. Kò kọ ìdí. Mi ò ṣe àyè fún ìdí nígbà tí mò ń kọ ọ́.

Lọ́jọ́ Tuesday tó tẹ̀lé e, Mummy Counsel pè mí kíákíá sí ọ́fíìsì wọn. Bí mo ṣe wọlé, Gbénga àti Bùkọ́lá ló jókòó níbẹ̀. Wọ́n wá gba ìwé ẹ̀rí pé àwọn ti parí ẹ̀kọ́ ìgbéyàwó.

“Wò ó, ẹ̀rọ ẹ ti gbé genotype ọkọ ìyàwó mì o!” Bí Mummy ṣe sọ ọ́ nìyẹn.

“Mummy, bóyá ebi ló ń pa á,” Gbénga ló dá wọn lóhùn, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Káàdì ẹ̀ rèé lọ́wọ́ mi, AA gàdàgbà. Tètè bá mi tẹ̀ ẹ́ padà jàre, pásítọ̀ fẹ́ jáde.”

Mo la ẹnu. Mo fẹ́ sọ ọ́, mo fi Ọlọ́run búra. Ìgbà yẹn ni Bùkọ́lá gbójú sókè wò mí. Láti ìgbà tí a ti pínyà, kò tíì wò mí bẹ́ẹ̀ rí. Ojú ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ ni, bí ìgbà tó ń sọ pé jọ̀ọ́, má ṣe é. Ó rò pé mo fẹ́ dà á rú ni. Mo ní network ni, Mummy. App yẹn ò lo network rárá. Mo jókòó. Mo tẹ A. Mo tún tẹ A. Printer pariwo, bébà jáde, Mummy fọwọ́ sí i, wọ́n gbé e lọ fún pásítọ̀, òun náà fọwọ́ sí i, wọ́n lu òǹtẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ẹ̀rọ ló pa irọ́ àkọ́kọ́. Èkejì, èmi ni.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e ni wọ́n ṣe ìkéde àkọ́kọ́. Ní ìjọ wa, ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta ni wọ́n fi ń kéde tọkọtaya kí wọ́n tó so wọ́n pọ̀, pé bí ẹnikẹ́ni bá mọ ìdí kan tí kò fi yẹ kí wọ́n fẹ́ra, kó sọ ọ́ báyìí. Ta ló ń gbé e sójú screen? Èmi ni. Mo jókòó lẹ́yìn, mo tẹ bọ́tìnnì, ọ̀rọ̀ náà yọ gàgàrà síwájú gbogbo ìjọ, pásítọ̀ kà á, ó dákẹ́ díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Mo gbọ́ fáànù tó ń yí. Mi ò sọ nǹkan kan.

Ní àárọ̀ Monday, mo lọ bá Gbénga ní Mile 12. Ó dúró láàárín apẹ̀rẹ̀ tòmátì, wọ́n ń já ẹrù lọ́wọ́. Mo fa á sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ní kó jọ̀ọ́, kó tún ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ yẹ̀ wò, láàbù kan wà nítòsí, èmi á bá a lọ.

“Kí ló dé, Bro Computer? Ṣé virus ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ mi ni?” Àwọn tó ń já ẹrù bú sẹ́rìn-ín.

Mo ní computer lè ṣàṣìṣe. Ó ní, “Computer tí ìwọ alára kọ? Tó o fọwọ́ ara ẹ tẹ̀ níṣojú mi?” Ó wá sún mọ́ mi, ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Bros, mo mọ nǹkan tó wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì tẹ́lẹ̀. Mi ò bínú sí ẹ. Ṣùgbọ́n lọ wá tìẹ. Sister pọ̀ ní choir.” Ó bu tòmátì kún nylon kan, ó ní kí n gbé e fún àbúrò mi. Èèyàn dáadáa ni. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù.

Àbúrò mi bèèrè ibi tí mo ti rí tòmátì tó dáa tó báyìí. Mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Ó ń ṣan tòmátì náà lọ, lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, ó ní, “Bọ̀dá mi, ṣé kí wọ́n wá bí ẹlòmíì bíi tèmi ni, torí kí orúkọ yín má bàa bàjẹ́?” Kò wò mí nígbà tó sọ ọ́. Láti ọjọ́ yẹn, a ń kíra wa láàárọ̀, kò ju ìyẹn lọ.

Mo wá kọ message sí Bùkọ́lá. Mo kọ ọ́ gùn, mo ṣàlàyé skíímà, mo ṣàlàyé àyè tó ṣófo, mo ya screenshot data àtijọ́ mọ́ ọn. Ẹ lè fi mí rẹ́rìn-ín. Ta ló ń kọ irú ẹ̀ sí obìnrin tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó wọlé ọkọ? Ìdáhùn ẹ̀ ò ju ìlà kan lọ: “O ṣèlérí fún mi pé o ò ní ṣe báyìí.” Òótọ́ ni, lọ́jọ́ tó fi mí sílẹ̀, mo ṣèlérí pé mi ò ní dà á rú fún un bó bá rí ẹlòmíì. Kí n tó dá a lóhùn, ó ti block mi. Ìkéde kejì dé, mo tún tẹ bọ́tìnnì. Nígbà tí pásítọ̀ dákẹ́, Bùkọ́lá yíjú padà láti iwájú, ó wo ibi tí mo jókòó sí. Mi ò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn náà.

Lẹ́yìn ìsìn ni Mummy Counsel pè mí sí kọ̀rọ̀. Bùkọ́lá ti fi message náà hàn wọ́n. Wọ́n sì ti ṣí log, ti Gbénga nìkan. Èmi ni mo kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣí i, mo tiẹ̀ fi yangàn fún wọn nígbà náà pé kò sí ẹni tó lè fara pamọ́ nínú app yìí. “Mo rí gbogbo ẹ̀,” wọ́n ní. “Ìwọ lo yọ AA ọmọ ọlọ́mọ. Nígbà tí mo pè ẹ́, lo bá dá a padà. Ó dáa. Mo ti bò ọ́ láṣìírí, torí ìyá ẹ tó ti lọ. Má jẹ̀ẹ́ kí n ṣí i.” Mo ní Mummy, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ọkàn ẹ ṣì wà lọ́dọ̀ ọmọbìnrin yẹn. Gbàdúrà.” Wọ́n gbá mi mọ́ra, wọ́n lọ.

Ẹ bá mi rò ó. Bébà tí àwọn nọ́ọ̀sì fi bírò pupa kọ wà nínú stóò ìjọ, omi òjò ọdún tó kọjá ti wọ ibẹ̀, gbogbo ẹ̀ ti di ẹ̀kọ. Nọ́ọ̀sì tó kọ ọ́ ti rìnrìn àjò kúrò nílẹ̀ yìí, nọ́ńbà ẹ̀ ò lọ mọ́. Ẹ̀rí kan ṣoṣo tó kù ni data àtijọ́ tó wà lórí laptop mi, ta ló máa gba ẹ̀rí tó wá láti orí laptop mi gbọ́? Bí mo bá dìde sọ ọ́, tí Gbénga lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò tó sì jẹ́ AA lóòótọ́, mo ti di ẹni tó fẹ́ tú ìgbéyàwó ká torí obìnrin. Bó bá jẹ́ AS, wọ́n á bi mí pé ta ló wá fọwọ́ tẹ AA sínú ìwé tí pásítọ̀ fọwọ́ sí? Bí mo bá dákẹ́, wọ́n á fẹ́ra, wọ́n á bímọ, lọ́jọ́ kan màá jókòó sẹ́yìn yẹn, màá máa gbé orúkọ ọmọ náà sójú screen lára àwọn tí ìjọ ń gbàdúrà ìwòsàn fún... Ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀ rárá o. Ó lè jẹ́ AA. Mo máa ń gbàdúrà pé kó jẹ́ AA. Ṣé àdúrà nìyẹn àbí ọ̀lẹ? Àwọn kan nínú yín á ní kí n kọ lẹ́tà tí kò lórúkọ. Ta ni wọ́n á sọ pé ó kọ ọ́? Àwọn kan á ní kí n kó kúrò ní ìjọ yẹn, kí n gba Mende tàbí Ifákọ̀ lọ, kí n wá ìjọ míì. Mo ti rò ó. Ṣùgbọ́n àbúrò mi á tẹ̀ lé mi lọ, ọ̀rọ̀ tó bi mí níjọ́sí á sì bá wa lọ.

Ọ̀túnla ni ìkéde kẹta, èyí tó gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ẹni tí wọ́n tún máa bi pé ṣé ó mọ ìdí kan. Mo jókòó ní ṣọ́ọ̀bù báyìí, slide náà wà lójú mi. Mo ti kọ orúkọ Gbénga. Mo ti kọ orúkọ Bùkọ́lá. Mo ti kọ ìbéèrè yẹn sábẹ́ orúkọ wọn, bó ṣe máa ń wà. Lábẹ́ ìbéèrè náà, àyè kan ṣófo. Ó ti máa ń wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí, mi ò kà á sí rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n jù mí lọ, mo ti fi irú àyè yẹn sílẹ̀ fún ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ti rí ohun tó fi dí i. Kí ni kí n kọ síbẹ̀?